Ìdíje Ìbọn Yínyìn àti Ohun tí ń Mú Un Dùn mọ́ Olùdíje

Ní Ṣómólú àti Bàrígà lónìí, bí a bá dárúkọ ọdẹ, ẹni tí ń ṣọ́ òpópó lóru ni ó ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ọdẹ tí ń wọ igbó lọ pa ẹran kò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí igbó gan-an kò sí. Ilé ti fara kan ilé, títì ti gba ipò ọ̀nà oko. Orúkọ iṣẹ́ náà kò kú, iṣẹ́ ni ó yí padà. Èyí mú kí ìbéèrè kan yẹ fún wa láti bèèrè: nígbà tí ẹran bá tán nínú igbó, ìgbádùn wo ni ó kù nínú kí ènìyàn gbé ìbọn sókè kí ó sì yìn ín? Àwọn ará ìlú òkèèrè ti dáhùn ìbéèrè yìí. Wọ́n fi amọ̀ ṣe àwo pẹlẹbẹ, wọ́n ń jù ú sójú ọ̀run, wọ́n ń yìnbọn lù ú, wọ́n sì pè é ní ẹyẹlé amọ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn rẹ̀ wò, kí a lè mọ ohun tí ń mú inú olùdíje dùn, yálà ó gba ẹ̀bùn tàbí kò gbà á.

Ilé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn kan wà tí àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil gbé dání lọ, tí àwọn ọmọ wọn kò sì jẹ́ kí ó parun. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó pẹ́ láàárín Bahia àti ilẹ̀ Yorùbá, wà lára àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọba Ifẹ̀ ń ṣe ọdún iṣu titun, ẹyẹ ńlá kan sì bà lé òrùlé ààfin. Àwọn ìyá ẹlẹ́yẹ tí a kò pè síbi àsè ni wọ́n rán an wá. A ránṣẹ́ pe àwọn ọdẹ. Ọ̀ṣọ́togún mú ogún ọfà wá, Ọ̀ṣọ́togójì mú ogójì, Ọ̀ṣọ́tàádọ́ta mú àádọ́ta. Gbogbo ọfà wọn ṣòfò. Ẹni tí ó kù ni Ọ̀ṣọ́tọ̀kanṣoṣo, tí kò ní ju ọfà kan lọ. Ìyá rẹ̀ ti tọ babaláwo lọ, wọ́n sì sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà ní agbede méjì ikú àti ọrọ̀. Ìyá rúbọ, ọmọ ta ọfà rẹ̀, ó sì ba ẹyẹ náà ní àyà. Ọdẹ yìí ni wọ́n ń bọ lónìí ní orúkọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì.

Ìdíje ni èyí, kò sí iyè méjì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ó dùn mọ́ àwọn tí ń díje? Ìbínú ọba wà lẹ́yìn wọn, àwọn ẹlẹ́yẹ sì wà níwájú. Ẹni tí ó bá tàsé kò ní ọ̀la tí yóò tún wá gbìyànjú. Kódà ẹni tí ó borí, àárín ikú àti ọrọ̀ ni ó ti ta ọfà tirẹ̀. Àwọn òǹwòran nìkan ni wọ́n jẹ ìgbádùn ọjọ́ náà, nígbà tí ẹyẹ jábọ́.

Kí a wá kíyè sí ọ̀rọ̀ kan tí ó fara pamọ́ sínú orúkọ àwọn ọdẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: “ta” ni. A ń ta ọfà. A sì ń ta ayò, a ń ta òkòtó. Èdè wa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú iṣẹ́ ọdẹ àti eré pọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín wọn. Ọfà tí ó bá ẹran, ẹran náà kú. Ọmọ ayò 48 tí a bá ta tán, a óò tún kó wọn padà sínú ihò 12, mẹ́rin-mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, ẹni tí a pa ní ayò yóò sì tún jókòó. Bí a bá fẹ́ sọ ìtàn ẹyẹlé amọ̀ ní gbólóhùn kan, a lè wí pé ìtàn bí ọfà títa ti ṣe di ayò títa ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹyẹlé ààyè ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Wọn a fi ẹyẹ sínú àpótí, wọn a so okùn mọ́ ìdérí rẹ̀. Bí ẹni tí ó gbé ìbọn bá ti ké pé kí a fà á, wọn a fa okùn, ẹyẹ a sì fò jáde. Ní 1793 eré náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Títí di òní, “Fà á!” ni àwọn ayìnbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ké, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn ti lọ tipẹ́tipẹ́.

Àléébù méjì ni ó wà nínú eré yìí. Èkínní ni ikú. Lójú Yorùbá, tí ó mọ̀ pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó wá di ọjọ́ ìṣòro kí ó yẹrí, kò rọrùn láti rí ayọ̀ nínú kí a mú ẹyẹ ilé, kí a tú u sílẹ̀, kí a sì pa á ní ojú ẹsẹ̀. Ní Paris ní 1900, ní ọdún ìdíje Olímpíìkì, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ẹyẹlé ààyè ní irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Kò tún wáyé ní Olímpíìkì mọ́. Ní 1921 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de yíyìnbọn sí ẹyẹ tí a tú sílẹ̀ láti inú ìgbèkùn. Àléébù kejì kan olùdíje gan-an: ẹyẹ kò dọ́gba. Ọ̀kan lè fò bí ìjì, òmíràn lè rọra gbé ìyẹ́. Ẹni tí ó borí kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọgbọ́n òun ni. Ẹni tí ó sì pàdánù a máa di ẹyẹ rẹ̀ lẹ́bi.

Nítorí náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò rọ́pò ẹyẹ. Bọ́ọ̀lù onígíláàsì ni wọ́n kọ́kọ́ lò, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1860. Adam Bogardus sì ṣe ẹ̀rọ tí ń jù ú ní 1877. Ní 1880, George Ligowsky ti ìlú Cincinnati gbé àwo amọ̀ pẹlẹbẹ jáde. Wọ́n ní àwọn ọmọdé tí ń fi ìkarahun ta lórí omi ni ó wò tí ọgbọ́n náà fi sọ sí i lọ́kàn. Àwo yìí ń yí bí ó ti ń lọ, yíyí rẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí ó ṣubú, gan-an gẹ́gẹ́ bí òkòtó ti ń dúró níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń pòòyì. Lónìí, ọ̀dà àti òkúta ẹfun lílọ̀ ni a fi ń ṣe é. Fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 110, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó gíráàmù 105. Àwo tí a fún ọlọ́rọ̀ kò fi nǹkan kan yàtọ̀ sí èyí tí a fún tálákà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn márùn-ún a dúró ní ipò márùn-ún lẹ́yìn ilé kékeré tí ẹ̀rọ wà. Olúkúlùkù a yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan, a sì dúró de ẹnìkejì rẹ̀. Bí ó bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún, a ṣí lọ sí ipò kejì, títí yóò fi dé ipò gbogbo tí yóò sì pé 25. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ọ̀tún ni àwo tirẹ̀ yóò gbà tàbí òsì.

Nínú ètò yìí ni ìgbádùn olùdíje wà. Ó mọ̀ pé ohun tí a fún ẹnìkejì òun ni a fún òun. Kò sí ipò tí ó dára tí ẹnìkan jókòó tì, nítorí gbogbo wọn ni yóò kọjá níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àbájáde a máa hàn lójú ẹsẹ̀: àwo fọ́ tàbí kò fọ́. Kò sí àyè fún ẹjọ́ wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyè fún ojúsàájú. Nígbà tí àwọn mẹ́rin ìyókù bá ń yìn, ó ń wò, ó ń kọ́ ọgbọ́n, wọ́n sì ń kí ara wọn. Bí ó bá fọ́ 17 lánàá, tí ó fọ́ 19 lónìí, ayọ̀ rẹ̀ kún, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ fọ́ gbogbo 25. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé ẹni tí ó tàsé, àwo mìíràn ń bọ̀ wá bá a láìpẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀bùn ni olùdíje ń wá. Ẹ̀bùn dára, ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá díje, ẹnìkan ni yóò ṣe ipò kìíní. Ì bá ṣe pé ẹ̀bùn nìkan ni adùn ìdíje, ẹni 99 ìbá máa bínú lọ sílé, ọdún kejì kò sì ní í bá wọn níbẹ̀. Àwọn tí ń ṣètò eré náà mọ èyí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní irú ìdíje kan nínú èyí tí òdú ayìnbọn ń dúró sẹ́yìn, títí dé yáàdì 27, tí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n yìn dáadáa sì ń dúró nítòsí. Ọ̀tá ayò àti ọ̀pẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ díje láìsí ìtìjú.

A ní irú ìlànà yìí láàárín àwọn ọdẹ tiwa pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń díje níbẹ̀. Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tí ó jáde ní 1966, jẹ́ kí a mọ̀ pé bí ẹni tí ń sun ìjálá bá ṣì í sọ, ọ̀gá mìíràn tí ó wà níkàlẹ̀ a máa tọ́ ọ sọ́nà lójú gbogbo ènìyàn, òun náà sì ní àǹfààní láti gbèjà ara rẹ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ni ń dájọ́, ẹni tí a bá wí kò sì jáde kúrò nínú agbo.

Ohun tí ó lè ba adùn yìí jẹ́ hàn kedere ní Olímpíìkì. Láti 1968 títí di 1992, ọkùnrin àti obìnrin jọ ń díje nínú irú ìdíje àwo amọ̀ tí a ń pè ní skeet. Ní Barcelona ní 1992, Zhang Shan, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, fọ́ àwo 200 láìtàsé ẹyọ kan kí ó tó dé ìpele ìkẹyìn. Ó parí pẹ̀lú 223 nínú 225, ó sì borí gbogbo ọkùnrin. Nígbà tí yóò fi di Atlanta ní 1996, a ti sọ skeet di ti ọkùnrin nìkan, a kò sì ṣètò ti obìnrin. Ọdún 2000 ni ti obìnrin tó wáyé, ní ọ̀tọ̀. Amọ̀ kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Àwọn tí ń ṣe òfin ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwo dọ́gba, ìbọn dọ́gba, ṣùgbọ́n bí a bá ti ẹni tí ó lè borí mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọwọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ kò ní í mọ̀ dájú ẹni tí òun ìbá bá pàdé.

Kì í ṣe pé a ń rọ̀ wá kí a máa yìnbọn ní àdúgbò Ṣómólú. Òfin Ìbọn ti 1959 kò fi àyè sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ilé ti há mọ́ra kì í ṣe ibi tí a ti ń ta ìbọn ṣeré. Ṣùgbọ́n ìdíje kò wọ́n láàárín wa. Láti ìdí ọpọ́n ayò dé pápá bọ́ọ̀lù, láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé CMS Grammar School tí ó ṣí wá sí Bàrígà ní 1959, títí dé Yunifásítì Èkó ní Akọ́ka, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, ojoojúmọ́ ni a ń fi ọmọ wé ọmọ. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ń ṣètò ìdíje bi ara rẹ̀ ní ohun mẹ́ta kí ó tó ra ẹ̀bùn. Ǹjẹ́ ohun kan náà ni a gbé ka iwájú gbogbo wọn? Ǹjẹ́ ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìdí tí ó fi borí tàbí tí ó fi pàdánù? Ǹjẹ́ ẹni tí ó pàdánù lónìí yóò rí àyè padà wá lọ́la? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọmọ yóò máa béèrè ọjọ́ tí ìdíje mìíràn yóò tún wáyé, títí kan èyí tí ó ṣe ìkẹyìn.