Ta Ni Ó Ni Àpótí Iná? Ìtàn Ojúṣe àti Ààbò láti 1896, pẹ̀lú Àkíyèsí lórí Ìkéjì-Arákéjì

1. Ìfáárà

Nínú bébà yìí, a ó ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn àpótí iná mànàmáná: àpótí mítà, àpótí fíùsì, àti àpótí onírin tí ó máa ń wà lẹ́bàá tiransifọ́mà, tí a fi ń pín iná sí àdúgbò. Àwọn tí ó ń kọ ìtàn iná ní Nàìjíríà sábà máa ń sọ̀rọ̀ lórí odò tí a sé ní Kainji àti lórí àìtó iná. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wo àpótí tí iná ń gbà wọlé. Èrò tiwa ni pé agbára iná nìkan kọ́ ni ó sọ àpótí yìí di ewu. Bí ó ti ń kúrò lábẹ́ ojú onílé bọ́ sí ìta, ojúṣe ìtọ́jú rẹ̀ kò bá a jáde.

2. Bí àpótí ṣe rìn dé ìta

Ní 1882 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iná ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ ṣe òfin wáyà. Jàm̀bá iná tí ń jó ilé ni wọ́n fẹ́ fi dènà. Ní 1896, iná mànàmáná dé Èkó. Nígbà náà, àwọn tí ó ń lò ó kò pọ̀, àpótí kò sì pọ̀. Òfin 1950 dá ECN sílẹ̀. Ní 1972, a pa á pọ̀ mọ́ àjọ tí ń bójú tó odò Kainji, ó di NEPA. Lábẹ́ NEPA, èdìdì ni a fi ń di mítà, onílé kò sì gbọdọ̀ tú u. Ó kọ́ onílé pé àpótí ara ògiri òun kì í ṣe tòun.

Ní 2005, NEPA di PHCN. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013, ìjọba fi iná pípín lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. IBEDC ni ó gba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí Ìkéjì-Arákéjì ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, a ti rí ọ̀pọ̀ àdúgbò ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n dáwó ra tiransifọ́mà fúnra wọn. Ta ni ó wá ni àpótí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?

3. Ibi tí ewu wà

Tiransifọ́mà máa ń sọ iná 11,000 tàbí 33,000 fóòtì di 415, kí 230 tó wọ ilé. Fíùsì jẹ́ wáyà tín-ín-rín tí ó gbọ́dọ̀ yọ́ bí iná bá pọ̀ jù. Bí a bá fi wáyà nínípọn rọ́pò rẹ̀, wáyà inú ògiri ni yóò gbóná dípò rẹ̀. Àpótí onírin tí kò ní wáyà tí a rì mọ́lẹ̀ lè gbé iná sí ara. Ọmọdé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù tí ó bá fara tì í, iná lè gbé e. Ìkéjì-Arákéjì wà ní ilẹ̀ igbó, òjò rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá. Àpótí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti jábọ́ yóò gba omi, èèrà àti aláǹgbá. Ìlànà àgbáyé IEC 60529 ti pèsè fún èyí: nínú IP65, nọ́ḿbà kìíní ń tọ́ka sí eruku, èkejì sí omi.

4. Àtakò kan

Àwọn kan lè sọ pé àìmọ̀kan ará ìlú ni ó fa gbogbo rẹ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe fún ECN ní 1964, tí a gbé kalẹ̀ ní Marina ní Èkó, fi hàn pé iná àti òrìṣà àrá ti bára tan lójú àwa Yorùbá. Ẹ̀rù kò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù a máa lé ènìyàn jìnnà sí àpótí ni. Kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

5. Àgbálọgbábọ̀

Òfin 2015 tí ó fìdí NEMSA múlẹ̀ fún un ní iṣẹ́ àyẹ̀wò. Òfin iná 2023 sì fún ìpínlẹ̀ ní àǹfààní láti ṣe àkóso iná tirẹ̀. Ohun tí ìtàn yìí ń béèrè kò tóbi: kí orúkọ ẹni tí ó ni àpótí wà lára rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ḿbà tí a lè pè, kí àyẹ̀wò sì wáyé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí á sùn lóru. Àpótí aládùúgbò wa, tiwa náà ni.