Ìtàn socket méjì, kẹ́ ẹ tó ra motherboard

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ̀ǹpútà tó máa gbé géèmù, táá tún gbé iṣẹ́ fídíò, ẹ dúró ná. Ẹ gbọ́ ìtàn.

2/ 1981 ni IBM gbé PC jáde. Ihò márùn-ún ló wà lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀ téèyàn lè ki káàdì bọ̀. Báwa náà ṣe ń tò ó n'Íbàdàn nìyẹn: bọ́ọ̀dù lóṣù yìí, RAM lóṣù tó ń bọ̀.

3/ 2015, Intel mú socket LGA1151 dé. 2017, processor 8th Gen jáde, 1151 náà ni. Ó wọ bọ́ọ̀dù àtijọ́ wẹ́rẹ́, àmọ́ kò tàn!

4/ 2017 yẹn náà ni Ryzen dé sórí AM4 ti AMD. Títí di 2022, Ryzen tuntun ṣì ń jáde fún un. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù 2017 ló gbé e, tẹ́ ẹ bá ti ṣe update BIOS.

5/ Tí wọ́n bá na bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ "1151" sí yín ní Dugbe, ẹ bèèrè chipset. 100 àti 200 wà fún 6th àti 7th Gen. 300 wà fún 8th àti 9th.

6/ Èmi tí mò ń gé fídíò, ihò RAM mẹ́rin ni mo máa ń wá. Fídíò ń jẹ RAM gan-an. Ẹ bèèrè kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín o.