Ooru Inú Kọ̀ǹpútà: Láti Peckham dé Ìkẹjà

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń gbóná la fẹ́ sọ lónìí, kọ̀ǹpútà orí tábìlì, èyí tí àpótí rẹ̀ máa ń wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí. Fáànù rẹ̀ á máa hó bí ẹ̀rọ ìlọta, ojú rẹ̀ á dúró sójú kan, lójijì á kú fin-ín. Ẹnìkan nínú ilé á ní, “Ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká ra òmíràn.” Owó dà? Àwọn àgbà wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí á jẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé ooru kì í ṣe ikú kọ̀ǹpútà. Àìsàn tó bá a wáyé ni, oògùn rẹ̀ kò sì wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yìí gan-an. Poplar, ní ìlà-oòrùn ìlú yìí, ni wọ́n bí Tommy Flowers sí ní ọdún 1905. Ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ṣe Colossus, ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bletchley Park ní 1944, nígbà ogun Hitler, láti tú ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọ ogun Jámánì. Valve bí 1,600 ló wà nínú rẹ̀. Valve yìí rí bíi gílóòbù iná, ó sì ń gbóná bíi gílóòbù. Àwọn kan rò pé valve tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ á máa jó lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ náà kò sì ní lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Flowers mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ pé títàn àti pípa léraléra ló ń ba valve jẹ́. Ó ní kí wọ́n tàn án kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ ò rí i? Láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó mọ ìwà ẹ̀rọ ló ń jẹ́ kó pẹ́.

Ní 1946, Amẹ́ríkà fi ENIAC han aráyé. Tirẹ̀ ní valve tó lé ní 17,000, iná tó sì ń jẹ tó nǹkan bíi 150 kílówáàtì. Kẹ́tùlù tí ẹ fi ń se omi tíì ní Peckham máa ń jẹ bíi kílówáàtì 3. Ẹ fojú inú wo 50 kẹ́tùlù tó ń hó pa pọ̀ nínú yàrá kan, láìdúró. Bí ooru ENIAC ṣe rí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Nígbà tí IBM gbé PC jáde ní 1981, processor inú rẹ̀ kò nílò fáànù kankan lórí. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ṣe ń yá, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń padà. Pentium àkọ́kọ́, ní 1993, ń jẹ bíi wáàtì 15. Nígbà tó fi máa di 2004, àwọn kan nínú Pentium 4 ti kọjá wáàtì 100, lórí nǹkan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ọdún yẹn náà ni Intel pa iṣẹ́ lórí processor tó yẹ kó tẹ̀ lé e tì, torí ooru ti pọ̀ jù. Láti ìgbà yẹn, dípò kí wọ́n máa mú ọpọlọ kan sáré sí i, ọpọlọ méjì, mẹ́rin ni wọ́n ń kó sínú processor kan. Nítorí náà, tí kọ̀ǹpútà yín bá gbóná, ẹ má tijú. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an sá fún ooru rí.

Àwọn ẹ̀rọ gbígbóná wọ̀nyẹn ló wọ pálọ̀ àwọn òbí wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kúrò nílé lẹ́yìn 1986, nígbà tí ètò SAP sọ náírà di yẹpẹrẹ. Ní Peckham, ilé ìkàwé tuntun ṣí ní ọdún 2000, àwọn ọmọ sì ń lọ kọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ládùúgbò yẹn kò lè gbàgbé pé ibẹ̀ ni Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10, ti ń bọ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, tí wọ́n fi gba ẹ̀mí rẹ̀ lọ́nà. Tí òbí kan bá wá du ara rẹ̀ kí ọmọ lè ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nílé, ẹ má pè é ní fàájì.

Tó bá bàjẹ́ ńkọ́? Rye Lane ni. Ní 2012, àwọn olùwádìí láti LSE ka àwọn ṣọ́ọ̀bù òpópónà yẹn. Wọ́n bá àwọn oníṣòwò láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 níbẹ̀, wọ́n sì rí i bí wọ́n ṣe ń pín ṣọ́ọ̀bù kan sí kéékèèké: ẹnìkan ń ta aṣọ, ẹnìkan ń bá ènìyàn fowó ránṣẹ́ sílé, ẹnìkan jókòó nídìí tábìlì kékeré, ó ń tún fóònù ṣe. Ẹni tó bá mọ Ìkẹjà á mọ̀ pé Ọ̀tìgbá náà rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Computer Village, tó dìde ní ìparí àwọn ọdún 1990. Eruku ọyẹ́ wà, iná ìjọba ń ṣe ségesège, síbẹ̀ ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, torí pé àwọn tó ń tún un ṣe máa ń ṣí i, wọ́n á fi blower fẹ́ ẹ, wọ́n á sì dá a padà fún olówó.

Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe ọjà àlòkù nílé: tòkunbọ̀. Orúkọ ènìyàn ni tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni wọ́n ń sọ ní Adétòkunbọ̀, Ọlátòkunbọ̀. Orúkọ àwọn míì nínú yín nìyẹn. Mọ́tò, fíríìjì àti kọ̀ǹpútà tó gba orí òkun wá bá wọn jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo tòkunbọ̀ kọ́ ló ń dé láàyè. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network lọ wo Èkó. Wọ́n gbé e jáde pé bíi kọntéínà 500 ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lóṣù, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì sọ fún wọn pé ó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí kò wúlò mọ́. Orí ààtàn ni irú wọn ń lọ, wọ́n á dáná sun ún, èéfín rẹ̀ á sì wọ àyà ọmọ ọlọ́mọ. Ooru tí a sá fún níhìn-ín ló di iná lọ́hùn-ún.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ju tiyín nù, ẹ ṣe báyìí. Ẹ pa á, ẹ yọ okùn iná rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, ẹ fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí iná ara yín má bàa ba ohun inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi ìka di apá fáànù mú kó má yí, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun gbọn eruku kúrò lára rẹ̀ àti láàárín irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ki hoover bọ̀ ọ́ o. Àpótí kékeré tí okùn iná wọ̀, ẹ má ṣí i rárá: iná ṣì lè fara pamọ́ síbẹ̀.

Tó bá ṣì ń gbóná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ thermal paste ló ti gbẹ. Ìpara kan ni, láàárín processor àti irin tó ń gba ooru lórí rẹ̀. Ẹ yọ irin náà jẹ́jẹ́, ẹ fi ọtí ìnura nu èyí tó ti gbẹ, ẹ fi tuntun sí i, kó má ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Ọ̀rá rẹ̀ kékeré kò tó £10. Tí fáànù kò bá yí mọ́, fáànù nìkan lẹ máa pààrọ̀. Kẹ́ ẹ sì gbé àpótí náà kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ má fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà.

Tó bá kọjá agbára yín, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n lórí Rye Lane. Ẹ béèrè iye tí wọ́n máa gbà kẹ́ ẹ tó fà á lé wọn lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ ti ṣe. Ẹ dúró wò wọ́n bó bá ṣeé ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló gbé ọ̀pọ̀ ilé wa ró, kò sì yẹ kó parẹ́ lọ́wọ́ àwa tí wọ́n bí síbí.