Ọ̀rọ̀ Tó Wà Nínú Bàsíà Omi

"Má fi omi ṣeré mọ́!" Ta ni ìyá rẹ̀ kò pariwo èyí mọ́ rí? Wàhálà àkọ́kọ́ nìyí fún ẹni tó fẹ́ fi Yorùbá kọ̀wé fún olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi nípa bí ọmọ ṣe ń fi omi kẹ́kọ̀ọ́: orúkọ ẹ̀kọ́ náà gan-an ń dún bí ìbáwí. Síbẹ̀, "eré omi" ni mo fara mọ́. Kí a má tìtorí ìtìjú ṣẹ̀dá orúkọ gbọọrọ tí ẹnikẹ́ni ò ní pè. (Kí àgbà ṣáà jókòó ti ọmọ tó bá ń ṣe é, omi díẹ̀ nísàlẹ̀ korobá tó láti pa ọmọ kékeré.)

Ọwọ́ ọmọ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ó ń bu omi, ó ń dà á, ó ń rọ ọ́ sínú ìgò, ó ń wọ́n ọn sílẹ̀, ó ń fún kànìnkànìn títí omi inú rẹ̀ á fi ro tán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní agbára tó ń gbà lọ́wọ́ ọmọ, ọwọ́ yìí náà ló sì máa di pẹ́ńsù mú lọ́la. Inú irú ọ̀rọ̀ ìṣe báyìí náà ni orúkọ irinṣẹ́ ti ń wá: láti ara "rọ" ni a ti rí àrọ, láti ara "sẹ́" ni a ti rí asẹ́. Ọ̀nà tí a fi ń ṣẹ̀dá orúkọ yẹn ò tíì dí.

Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, fi hàn pé bí a bá da omi inú ife fífẹ̀ sínú ife tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí ọdún 7 á ní omi ti pọ̀ sí i. Òye pé iye omi náà kò yí padà, tí wọn ò tíì ní yìí, ni mo pè ní "àìlé-àìdín". Ẹni tó ń ka owó lọ́jà kúkú ti ń sọ ọ́: kò lé, kò dín.

Kí a máa fi Yorùbá ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì báyìí kì í ṣe tuntun. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì.

Ibi tó le ni ìdí tí nǹkan kan fi ń rì tí òmíràn ń léfòó. Kì í ṣe ìwúwo lásán: ìtì igi gbígbẹ wúwo ju òkúta wẹẹrẹ lọ, òkúta ló sì ń rì. Ẹni tó bá kánjú á ní ká pe ohun tó ń fa rírì tàbí léléfòó yìí ní "ìki", bí ẹ̀kọ ṣe ń ki. Ó ti ṣì í. Epo pupa ki ju omi lọ, ó ń lọ́ra bí a bá ń dà á, síbẹ̀ orí omi ló ń wà. Ká fi "ìki" sílẹ̀ fún ìlọ́ra yẹn. Bí a bá bu agolo omi kan àti agolo epo kan, tí a gbé wọn sórí ìwọ̀n, ti epo ló máa fúyẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín agolo méjèèjì yìí ni orúkọ wa gbọ́dọ̀ sọ, "ìwúwo-òṣùwọ̀n-kan" ni mo sì dábàá. Ó gùn díẹ̀, mo gbà. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kó mú un wá, àmọ́ kó kọ́kọ́ fi omi àti epo dán an wò.