Kí ni CRIWARE tó máa ń yọ kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀?

Ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù géèmù l'Ìkirè tàbí l'Àpòmù á mọ̀ pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn àmì kan máa kọ́kọ́ yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ kì í wò ó; bọ́tìnì ni wọ́n á máa tẹ̀ kó lè tètè kọjá. CRIWARE wà lára irú àmì bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe orúkọ ẹni tó ṣe géèmù o. Iléeṣẹ́ CRI Middleware ní Japan ló ni ín. Irinṣẹ́ ohùn àti fídíò ni wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ń ṣe géèmù, fífi àmì náà hàn sì máa ń wà nínú àdéhùn.

ADX ló lókìkí jù nínú irinṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún ohùn pọ̀ kó má gba àyè. Orin ìṣẹ́jú 5 tí wọn ò fún pọ̀ rárá, irú èyí tó wà lórí CD, á gba nǹkan bíi 53 MB. Tí ADX bá fún un, ó di bíi 15 MB.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ẹ wo ẹni tó ń ra kòkó. Bí iye àná bá ti wà nínú ìwé rẹ̀, "ó lé 20" tàbí "ó dín 10" ló kù kó kọ lónìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ADX: ó ń fojú bu ohùn tó kàn, ìyàtọ̀ nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Nọ́ńbà tó ń gba bit 16 á wá gba 4.

MP3 tí àwọn ará Jámánì ṣe lè fún orin yẹn kan náà dé 5 MB, torí ó ń yọ ohun tí etí kì í gbọ́ dáadáa kúrò. Àmọ́ ó máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, orin tó yẹ kó máa yí po nínú géèmù á wá máa kọsẹ̀. ADX kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í ni ẹ̀rọ lára. Wọ́n lò ó nínú Sonic Adventure ní 1998. Àwọn orin PES 6 náà, ADX ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ géèmù ṣíṣe, ẹ ka àdéhùn kí ẹ tó yọ àmì ẹlòmíì kúrò nínú iṣẹ́ yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà àmì lè lo Ogg Vorbis, ọ̀fẹ́ ni.