Ìléru Ti Jó Kí Òfin Tó Dé: Sìmẹ́ńtì ní Ilẹ̀ Yewa

Òkúta ẹfun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Ewékorò kò dúró sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ó gba abẹ́ ilẹ̀ Yewa kọjá, ó sì wọ orílẹ̀-èdè Benin. Òun ni ó fa ìléru sìmẹ́ńtì wá sí ẹkùn yìí: Ewékorò ní 1960, Onígbólò lẹ́bàá Pobẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí ìjọba Nàìjíríà àti ti Benin jọ fi owó dá sílẹ̀, àti Ìbèsè ní Àríwá Yewa, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí ní 2012.

Ọdún ti Ewékorò ni ó yẹ ní àkíyèsí jù. Aráyé ti mọ ohun tí èéfín lè ṣe nígbà náà. Robert Angus Smith, onímọ̀ kẹ́míkà ní Manchester, ti kọ̀wé lórí òjò oní-ásíìdì ní 1872. Ní oṣù Kejìlá 1952, èéfín èédú bo London fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì pa nǹkan bí 4,000 ènìyàn. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ tẹ̀ lé e ní 1956. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìléru Ewékorò gbiná, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n gbé wá. Òfin kò bá a wá. (A kò lè dá àwọn bàbá wa lẹ́bi ayọ̀ wọn: ọdún òmìnira ni.) Ó di 1988, lẹ́yìn tí a ká májèlé Ítálì mọ́ èbúté Koko, kí Nàìjíríà tó dá àjọ ààbò àyíká sílẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n!

Ìléru sìmẹ́ńtì a máa gbóná dé nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí epo rẹ̀ bá ní imí ọjọ́, gáàsì rẹ̀ a dàpọ̀ mọ́ omi òfuurufú, a sì di òjò oní-ásíìdì. Ṣùgbọ́n ẹfun inú ìléru a máa gba púpọ̀ nínú imí ọjọ́ náà mú, nítorí náà eruku ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rù. Eruku yìí kò kan bí ásíìdì. Ó bá eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú tan. Bí ìrì bá sẹ̀ sí i lórí ewé, a le bí èèpá, ewé náà kò sì ní rí oòrùn dáadáa. Èyí tí ó kúnná jù a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, a máa fa ikọ́ àti èémí tí kò délẹ̀.

Tube, ní ìhà Ìpókíá, kò sí nítòsí ìléru kankan. Síbẹ̀, láti àríwá ìlà-oòrùn, níbi tí Ìbèsè wà, ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá sí ìhà rẹ̀. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ òkun a yí padà sí ìhà Ayétòrò. Èéfín Onígbólò ní tirẹ̀ kò dúró gbowó ibodè. Àjọ NESREA, tí a dá sílẹ̀ ní 2007, ni iṣẹ́ yìí já lé lọ́wọ́ ní ìhà tiwa. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Yewa, tí ará Ìlaró tàbí Tube lè kà ní èdè tirẹ̀, ni kí a máa béèrè lọ́wọ́ wọn.