Omi Tí Ń Gbé Afẹ́fẹ́ Mì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní abẹ́ odò Severn, láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Ní ọdún 1879 ni omi ya wọ ihò tí wọ́n ń gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Ilẹ̀kùn irin kan ṣí sílẹ̀ nínú ihò náà, bí a kò bá sì tì í, omi ọ̀hún kò ní tán. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tí àwọn òmùwẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn kò jẹ́ kí wọ́n dé ibẹ̀. Ní 1880, Alexander Lambert gbé ohun èlò tí Henry Fleuss ṣe pọ̀n sẹ́yìn, ó rìn nínú òkùnkùn biribiri tó nǹkan bí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì ti ilẹ̀kùn náà.

Kí ni ó wà nínú ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀? Ọ́síjìn ni, pẹ̀lú okùn tí a rẹ sínú omi potash líle. Ẹ mọ̀ pé carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde, a máa pa ènìyàn ní ibi tí ó há. Potash ni ó ń bá Lambert gbé e mì. Ìbátan omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú ni, nítorí náà ẹ má ṣe pè é ní ohun àjèjì.

Ṣùgbọ́n ohun tí potash bá gbé mì, kì í bì í bọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ní gáàsì rẹpẹtẹ láti fọ̀ mọ́ kò lè máa ra òmíràn lójoojúmọ́. Ní 1930, Robert Bottoms, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí lílo omi amine. Bí amine bá tutù, yóò gbé carbon dioxide mì. Bí a bá sè é, yóò bì í jáde, a ó sì tún un lò. Láti òkè àgbá irin gogoro ni wọ́n ti ń dà á sílẹ̀, tí gáàsì yóò sì ti ìsàlẹ̀ gòkè wá pàdé rẹ̀. Amine ni Norway lò ní Sleipner, láàárín òkun, láti 1996, tí wọ́n sì ń rì carbon dioxide mọ́ abẹ́ ilẹ̀ òkun, kí ó má baà dá kún ooru ayé. Owó orí tí ìjọba wọn fi lé e ní 1991 wà lára ohun tí ó tì wọ́n sí i.

Àgbá irin wúwo, ó sì ń gba àyè. Kí Sleipner tó bẹ̀rẹ̀, ní 1985, Qi àti Cussler ní Amẹ́ríkà ti ṣe àlàyé ọ̀nà mìíràn: awọ ike tí a ṣe bí fọ́nrán òwú, tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ihò wínníwínní sì wà lára rẹ̀. Omi ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ kan, gáàsì ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọn kì í dàpọ̀. Ẹnu ihò ni wọ́n ti ń pàdé. Àwọn oníṣègùn ti ń fi irú awọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ní ọ́síjìn ṣáájú wọn.

Wàyí o, ibi tí ìṣòro wà nìyí. Ike polypropylene kì í jẹ́ kí omi lásán rin òun, bí ewé kókò. Ṣùgbọ́n amine, akọni inú àgbá irin, a máa yọ́ wọ inú ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ihò bá sì ti kún, gáàsì ní láti la omi tí kò ṣàn kọjá, èrè awọ náà sì dínkù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń dán omi wò kò gbọdọ̀ bi í nìkan pé, “Báwo ni o ti ń gbé mì tó?” Yóò kán an sórí awọ, yóò wò ó bóyá ó dúró róbótó tàbí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò tì í títí yóò fi jò, yóò sì rẹ awọ náà sínú rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Lójú tèmi, ìdánwò ìkẹyìn yìí ni ó ṣòro jù, nítorí sùúrù ni ó ń fẹ́.

Ní 2002, Kumar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands kọ̀wé nípa irú omi mìíràn. Wọ́n mú taurine, ohun tí a kọ́kọ́ rí nínú òróòro màlúù, wọ́n sì pò ó mọ́ potash, potash àtijọ́ yẹn náà. Omi iyọ̀ yìí ń gbé carbon dioxide mì dáradára, kò sì rin awọ bí amine ti ń rin ín. Àléébù tirẹ̀ ni pé, bí ó bá ki, tí ó sì gbé mì púpọ̀, ó lè dì bí iyọ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ sì rántí pé inú fọ́nrán tín-ín-rín ni yóò ti dì.